Ohùn Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Níbi iṣẹ́ wọn, wọn kì í pe obìnrin náà ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Ẹlẹ́rù ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń nu tábìlì, nítorí pé ẹrù ló ń dì. Kì í ṣe ẹrù àpò tàbí ti páálí o. Géèmù ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ náà, irú èyí tí wọ́n ń ti àwo rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan ń ya àwòrán, àwọn kan ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn kan ń kọ́ ẹ̀rọ ní bí yóò ṣe máa ronú. Bí gbogbo wọn bá parí tiwọn, Ìyá Ẹlẹ́rù ni yóò kó o jọ, tí yóò tò ó sórí àwo. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní iṣẹ́ wo ló wà nínú ìyẹn. Kó wá gbìyànjú rẹ̀ wò.

Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ọ̀lẹ ni àwo. Ojú kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ka àwo bó ṣe ń yí. Bí ohun tí ojú náà ń wá bá wà nítòsí, kíá ló ti rí i. Bó bá wà lápá kejì, á rìn títí, ẹni tó ń ṣeré á sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tó ṣú dùdù. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n fi ń bá ọ̀lẹ yìí gbé. Wọ́n á to ohun kan náà sí ọ̀pọ̀ ibi lórí àwo, bí aránṣọ tó fi abẹ́rẹ́ sí gbogbo yàrá ilé rẹ̀ kó má baà máa wá a kiri. Wọ́n á tún fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáàárín àdúgbò kan àti òmíràn, ọ̀nà tóóró tí kò gba eré sísá, tí ilẹ̀kùn wúwo wà ní ìparí rẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń rọra fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú inú ẹ̀rọ ń ka àdúgbò tó kàn. Bó bá kà á tán, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹni tó ń ṣeré ò ní mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ní kí òun dúró.

Géèmù kan wà tó jẹ́ kí ayé mọ ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ kékeré kan ló ń wá ọ̀nà ilé nínú ìlú tí omi ti gbà, bàbá àgbàlagbà kan tó gbé àtùpà dání sì ń tẹ̀lé e. Ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ló ń ṣíwájú, bàbá á máa pè é láti ẹ̀yìn pé, "Má sáré, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Ohùn bàbá alátùpà yẹn, ohùn ọkọ Ìyá Ẹlẹ́rù ni. Òun ni olóhùn ilé iṣẹ́ wọn nígbà náà. Ohùn òjò, ohùn bàtà nínú ẹrọ̀fọ̀, ohùn ìlẹ̀kẹ̀ tó já, òun ló ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí òṣèré tí ohùn rẹ̀ bá bàbá alátùpà mu, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é.

Lẹ́yìn tí géèmù náà jáde, kò pẹ́ tó fi kú. Kókó kan ló hù sí i lọ́fun, ìgbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ẹlẹ́rù kò ti fi etí kan ohùn yẹn mọ́. Ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní kó ṣe sùúrù, kó sinmi, á ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń pa irú òwe yẹn ní gbogbo ìgbà, ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jinná.

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ló pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kan, tó ní wọ́n fẹ́ gbé géèmù bàbá alátùpà lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tuntun yìí kò fi àwo ṣe nǹkan kan mọ́. Dìráìfù tó ń kó nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀ kì í yí, kò sì ní ojú tó ń rìn kiri. Ibi gbogbo ló sún mọ́ ọn bákan náà. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti ka odindi ìlú tán.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa," Ọ̀gá Kékeré ní. "Àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, torí àwo la ṣe kọ́ wọn. Àwo ò sí mọ́. Kí la tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Àdúgbò kan á máa ṣí sínú òmíràn ni, gbalasa. Ìyá Ẹlẹ́rù, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, ẹ̀yin náà lẹ máa bá wa wó wọn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ ohùn ẹni tó wà níbẹ̀, mà. A máa fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́bàá odò, níbẹ̀rẹ̀. Ohùn kan náà kúkú ni wọ́n tò sí gbogbo ibẹ̀, àbí?"

"Ohùn kan náà ni," Ìyá Ẹlẹ́rù dáhùn. "Èmi ni mo tò ó."

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ohun tí wọ́n ti fi gba oríyìn nígbà kan rí ló ti di ìdọ̀tí tí wọ́n ní kó gbá. Ó dùn ún, àmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ó sì rántí bó ṣe tò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ géèmù náà, àpótí òfìfo orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n ń kó ohùn sí, ló fún ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó ní kó gba ohùn ẹ̀ẹ̀kan péré, kó dà á sí gbogbo wọn, kí àpótí kankan má ṣe gùn ju èkejì lọ, kó má sì kúrú, torí àyè tí òun wọ̀n sílẹ̀ lórí àwo kò gba àṣejù. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ìwọ ṣáà ti wọn àpótí. Jẹ́ kí n mọ ohun tí màá kó sí i." Bí wọ́n bá ti parí àdúgbò kan, á gbé àpótí kan wá. Ìyàwó á wọ̀n ọ́n, á rí i pé ó pé, á tò ó. Nílé, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń fọ abọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ àpótí.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà wọn tí wọ́n sọ ní Agbálẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá ohun tí wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ ibi, kó fi ẹyọ kan sílẹ̀, kó gbá ìyókù dànù. Ìyá Ẹlẹ́rù rán an níṣẹ́. Ó gbá igi, ó gbá òkúta, ó gbá fèrèsé. Nígbà tó kan ohùn bàbá alátùpà, ó dúró. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé orúkọ wọn bára mu, gígùn wọn bára mu, ṣùgbọ́n inú wọn ò bára mu. Kí ni kí òun ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́rù pòṣé. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Bí nǹkan bá pẹ́ nínú ìpamọ́, ó lè bà jẹ́ níbi kíńkíní kan tí etí ò lè gbọ́, tí Agbálẹ̀ á wá máa ṣe òfíntótó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ì bá ṣí ọ̀kan nínú wọn kó gbọ́ ọ. Òun tó tò ó fúnra rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́? Ìyẹn lohun tó sọ fún ara rẹ̀. Ìdí mìíràn ń bẹ, ó sì mọ̀ ọ́n: bó bá ṣí i, ọkọ rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Agbálẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́, ó gbá wọn lọ.

Ilé iṣẹ́ náà ní àṣà kan. Bí wọ́n bá tún géèmù àtijọ́ ṣe, wọ́n á wá ẹni tó mọ ti àtijọ́ dunjú, wọ́n á ní kó fi tuntun náà ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì sọ ohun tó sọnù. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Lọ́tẹ̀ yìí, Dúdú ni Ọ̀gá Kékeré pè, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Ẹlẹ́rù bí. Bàbá rẹ̀ ló máa ń pè é ní Dúdú. Nọ́ọ̀sì ni báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, orí géèmù náà ló dàgbà sí. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, bó bá tiléèwé dé báyìí, ìdí ẹ̀rọ náà ló ń lọ.

Dúdú jókòó, ó gbá pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú. Ìlú omi ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọjà ń wọnú àgbàlá, àgbàlá ń wọnú orí àtẹ̀gùn, kò síbi tí ohunkóhun ti dá a dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń mirí, inú wọn dùn. Nígbà tó dé òpin, ó gbé pádì sórí itan.

"Ẹlẹ́rìí, kí lo rí?" Ọ̀gá Kékeré bi í.

"Ó dáa, sà. Ó yára." Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, níbo lẹ kó Dádì lọ?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀bá odò, níbẹ̀rẹ̀."

"Ìyẹn ọ̀kan. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ọmọ mi."

Dúdú wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó ní kò sí ibi tó ń dun òun. "Ṣé ẹ ò gbọ́ wọn rí ni?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ohun tó há sórí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjà, Dádì máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti yá ju tèmi lọ. Ní ti orí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní dúró ná, jẹ́ kí n mí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti pe Dúdú, lórúkọ, tí òun fi rò nígbà yẹn pé ẹ̀rọ náà mọ òun. Ti ìkẹyìn wá ni wọn ò jẹ́ kó parí rí. "Wọ́n á ní, 'Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, tí o kò bá rí mi,' ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn á ti ṣí, ohùn wọn á gé. Mo máa ń jáwọ́ lára pádì pátápátá, kí n má gbé ẹsẹ̀, mo ní bóyá ilẹ̀kùn á gbàgbé. Kì í gbàgbé, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà ló ń ṣí."

Ìyá Ẹlẹ́rù mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yàrá kékeré kan péré ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Òun ló sọ ẹrù rẹ̀ di fífúyẹ́, kíá ni ojú inú ẹ̀rọ ń kà á tán. Ó ti fi ìyẹn yangàn rí níwájú gbogbo ilé iṣẹ́. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"O ò sọ fún mi rí," ó ní.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ká jọ sọ ọ́ ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ ti rọra ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku àwọn mẹ́ta, Ìyá Ẹlẹ́rù ní kí Ọ̀gá Kékeré jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun dá àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà. Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ ra ojú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní àwọn tó ra ẹ̀rọ tuntun, torí pé dídúró ti sú wọn ni wọ́n ṣe rà á; bí wọ́n bá tún bá ọ̀nà tóóró àti ilẹ̀kùn wúwo pàdé, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ yìí kò mọ ẹ̀rọ lò. Ọ̀la ni iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn.

"Àmọ́ ẹ gbọ́, mà. Tẹ́lẹ̀, àwo ló ń pinnu bí èèyàn ṣe máa pẹ́ tó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní báyìí, kò sí ẹni tó máa pinnu rẹ̀ àfi àwa. Ẹ lọ gbọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá rí ìdí tó fi yẹ kó wà, kó wà, kí ẹ sọ ìgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí. Èyí tí ẹ ò bá gbọ́, mi ò ní dá a padà."

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lórí dìráìfù àtijọ́ tó máa ń kùn bó bá ń yí. Ìyá Ẹlẹ́rù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn, yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀. Dúdú fa àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìka ìyá dúró lórí bọ́tìnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́.

"Má sáré, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ohùn ọkùnrin tí ara rẹ̀ le ni, tó kún yàrá bámúbámú. Ìyá Ẹlẹ́rù ti gbàgbé pé ohùn náà tóbi tó báyẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Wọ́n gbọ́ èkejì, wọ́n gbọ́ ti ọjà. Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọmọ ti yá ju ti òun lọ, torí bó ṣe máa ń ṣàwàdà nílé gan-an nìyẹn. Ó ń kọ ìgbà tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa ṣí. Kò sí èyí tó ní kí wọ́n yọ nínú wọn.

Níbi ti orí àtẹ̀gùn, Dúdú na ọwọ́, ó dá a dúró. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀," ó ní.

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ha níparí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Bí aláìsàn bá wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ohùn báyìí, mi ò ní jẹ́ kó padà sílé láìrí dókítà." Bó ti sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rù jókòó láìmira. Gbogbo ayé ló yin géèmù náà pé bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni ó ń rẹ bàbá alátùpà, pé ọgbọ́n ńlá ni; òun rò pé ìrìn rẹ̀ nínú àwòrán ni wọ́n ń wí. Kò sẹ́ni tó dá ọgbọ́n kankan. Oṣù dé oṣù ni àpótí wọ̀nyí ń dé ọwọ́ rẹ̀, àìsàn ń pọ̀ sí i nínú wọn, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn wà. Nílé, ọkọ rẹ̀ ti dín ọ̀rọ̀ kù, ó ní òun ń fi ohùn sinmi de iṣẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó wọn àpótí, ó pé. Kò tú u wò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àmọ́ èyí kọjá àbámọ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Dúdú."

"Ó wà létí tèmi náà," Dúdú dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Mo rò pé bàbá inú géèmù ló ń darúgbó."

Wọ́n tún tẹ bọ́tìnì, wọ́n gbọ́ èyí tó pe Dúdú lórúkọ. Dìráìfù àtijọ́ ń kùn. Nígbà tó yá, Ìyá Ẹlẹ́rù fa imú, ó ní ó ku ọ̀kan.

Ti ìkẹyìn, ohùn náà ti di tín-ín-rín, ó dà bíi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbé e gun òkè. "Má sáré. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, tí o kò bá rí mi..." Dúdú gbá apá àga mú. Kò sí ilẹ̀kùn nínú yàrá náà tó lè ṣí já a gbà. "...má dúró dè mí. Ṣílẹ̀kùn, kí o wọlé."

Ó tán. Ṣùgbọ́n àpótí ò tíì kún. Wọ́n ti ní kó má kúrú ju àwọn yòókù lọ, ó sì ti jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn títí tó fi kún, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mí. Wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, pẹ̀lú ohun kékeré tó ń súfèé lọ́fun rẹ̀.

Dúdú fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí lójú kọ̀ǹpútà. "Ṣé ibí ni kí ilẹ̀kùn ti ṣí?"

Ìyá Ẹlẹ́rù fẹ́ sọ pé rárá. Agbára rẹ̀ ká a wàyí. Ó lè ti gbogbo ayé mọ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí èémí ọkọ rẹ̀ á fi tán, kí ẹnikẹ́ni má tún sáré fi í sílẹ̀ mọ́. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀.

"Jẹ́ kó ṣí," ó ní. "Wọ́n ní ká má dúró."

"Èémí wọn ńkọ́? Ká gé e?"

"Má gé e. Ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ já ohùn wọn gbà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró."

Wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dán an wò. Ọmọ inú géèmù dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kẹ́yìn, àtùpà ń tàn bàìbàì lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán pátá. Ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ yàrá kékeré náà tàn sílẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọmọ. Èémí náà ń lọ, ó ń bọ̀. Pádì wà lọ́wọ́ Dúdú, kò jẹ́ kí ọmọ náà gbé ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì sọ fún un pé kó jẹ́ kó lọ.